Iṣan Màlúù Tí Bàbá Alápatà Gé Fún Mi

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń gbé iṣan tó ti kú lọ sí Ẹ̀pẹ́, láìmọ̀ pé èmi fúnra mi ni mò ń pa á.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Iṣẹ́ ìwádìí fún oyè kejì ló gbé mi dé Èkó. Mo háyà yàrá kan sí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni yàrá ìwádìí wa wà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀. Nínú ògiri iṣan yìí, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń súnkì, tó sì máa ń dẹ̀. Tó bá súnkì tí kò dẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé. Láti ara ọ́síjìn tí à ń mí sínú, àwọn èròjà kan máa ń jáde nínú ẹran náà tí wọ́n lè ba ara jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pẹrọ́sáìdì, omi tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń dà sójú egbò tó sì máa ń hó. Ara wa náà ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Lọ́kàn tèmi, ọ̀tá ni. Mo fẹ́ fi hàn pé tí a bá lé e kúrò, ara iṣan á balẹ̀.

Láàárọ̀, màá lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Ìkòròdú, màá ra iṣan àárín ọ̀rá ìfun, màá kó o sínú fúláàsì oníyìnyín, ó di inú ọkọ̀ tó ń gba Àgbówá lọ. Tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́, màá gé e róbótó bí òrùka, màá fi wáyà gbé e kọ́ sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá wá kán oògùn tó yẹ kó mú un súnkì sí i. Ìlà tó ń fi ìsúnkì hàn lórí kọ̀ǹpútà, tó yẹ kó gòkè, á kàn lọ gbọọrọ ni. Olùkọ́ mi ní kí n máa ronú nípa iṣẹ́ mìíràn.

Bàbá alápatà tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dàgbà. Lọ́jọ́ kan, ó rí mi tí mò ń fi ìka fa ọ̀rá kúrò lára iṣan kí ó lè wọ fúláàsì.

"Ọmọ mi, kí lo tiẹ̀ ń fi eléyìí ṣe?"

Mo ṣàlàyé fún un.

"Ṣé ó yẹ kó ṣì wà láàyè tó o bá débẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O sì ń fà á báyìí? Apẹja ni bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Kì í jẹ́ ká fa ẹja yọ nínú àwọ̀n. Ó ní tá a bá fà á, inú ẹran rẹ̀ á ti fọ́ ká tó délé."

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé iṣan náà tọ̀rá-tọ̀rá, ó rọra gbé e sínú omi tútù. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ yẹn, ìlà náà gòkè. Mo jókòó tì í, omi ń bọ́ lójú mi. Mo pe Bàbá lórí fóònù pé iṣan rẹ̀ súnkì.

"Alhamdulillahi," ó ní. "Wá mú òmíràn lọ́la."

Láti ìgbà náà, ó ń gé e pa mọ́ dè mí. Mo wá kán ohun tó ń pa pẹrọ́sáìdì sínú omi náà. Iṣan kò súnkì dáadáa mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi oògùn tó yẹ kó mú un dẹ̀ sí i, kò dẹ̀ dáadáa náà. Mo gbé èsì náà lọ fún olùkọ́ mi.

"Ìránṣẹ́ ni èròjà yẹn," ó ní. "Tó bá pọ̀ jù, ó ń ba nǹkan jẹ́. Tó o bá lé e tán pátápátá, ta ni yóò jíṣẹ́ fún iṣan?"

Mo fi ìdùnnú ròyìn rẹ̀ fún Bàbá, àmọ́ ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú ìgò kan jáde nínú àpò. Ẹnì kan ló tà á fún un ní gáréèjì, ó ní ó ń fọ gbogbo èròjà burúkú ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí ló ti ń mu ún, ó sì ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ilé ìwòsàn fún un tì.

"Bàbá, iṣan màlúù ni mo mọ̀, n kì í ṣe dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò."

Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, a lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n. Ó ní ó ga gan-an, pé ó dára bí a ṣe tètè wá. Dókítà dá a padà sórí oògùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wálẹ̀.

Mo parí iṣẹ́ náà. Lójú ewé ìdúpẹ́, lẹ́yìn olùkọ́ mi, Bàbá ló kàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, nítorí náà mo gbé ìwé náà lọ sídìí tábìlì ẹran rẹ̀, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Bí mo ṣe kà á tán, ó pe obìnrin tó ń ta ṣàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Alájì, ẹ wá gbọ́. Wọ́n kọ mí sínú ìwé."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.