Orin Tó Bo Ohùn Fọlákẹ́ Mọ́lẹ̀

Ní àárọ̀ àná, ọmọbìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Ìjàpọ̀ ń fọ aṣọ, ó gbé orin kan sí i lórí fóònù rẹ̀. Gìtá ló kọ́kọ́ dún, ìlù wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè pè kí n sọ fún un pé mo gbọ́ ọ, torí ẹnì kan ṣoṣo tí ìbá mọ ohun tí mò ń sọ ti kú nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Oǹdó là ń gbé nígbà náà. Ìlú le koko, ìjọba ń dá òṣìṣẹ́ dúró, mílíìkì di ohun tí à ń fojú wò lásán. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì fi fíìmù kan hàn wá, ti àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń gun alùpùpù, tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ, tí ẹnikẹ́ni ò lè rán níṣẹ́. Orin rọ́ọ̀kì inú rẹ̀ ló gba ọkàn èmi àti Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Àgùnbánirọ̀ náà ní àwo orin náà, ó bá wa gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Fọlákẹ́.

Níbo la ti fẹ́ rí jákẹ́ẹ̀tì awọ? Fọlákẹ́ mú ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀, a fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún títí ó fi ń dán, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ooru mú, pọ́líìṣì yọ́, ó ra mọ́ aṣọ funfun ìyàwó àlùfáà. Màmá mi ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé orí yín pé?" Orí wa pé. Inú wa ló ń dùn.

Nígbà tó yá, wọ́n dá bàbá Fọlákẹ́ dúró níbi iṣẹ́, òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Ìlú-Àbọ̀ lọ dáko. Ọ̀sẹ̀ Fọlákẹ́ ni, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ. Èmi nìkan ló kù tó ń fọn irú orin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, awakọ̀ kan gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá fún mi.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ẹni rẹ̀ tó jìnnà sọ̀rọ̀ á ki bébà bọ ihò orí kásẹ́ẹ̀tì kó lè gba ohùn tuntun, á sọ̀rọ̀ sí i, á fi rán awakọ̀. Mo kúkú mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì wa sí i, tó dé ibi orin tí mo fẹ́ràn jù, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́: "Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni o. Má bínú…" Inú bí mi, mo pa á láì gbọ́ ìyókù. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì wa lọ, ó tún bà á jẹ́! Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí àgùnbánirọ̀ gba orin náà padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí a gba ọlidé, ìbínú mi ti rọ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlú-Àbọ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ibà ló mú Fọlákẹ́, owó ilé ìwòsàn kò sí, ó ti kú kí n tó dé.

"Ó ní òun ránṣẹ́ sí ẹ pé kó o wá wo òun ní ulé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé ọwọ́ ẹ? Bá mi gbé e wá, ọmọ mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo ní kò dé ọwọ́ mi. Ó gbàdúrà fún mi títí mo fi wọkọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbígba ohùn kì í sú fóònù yín, ẹ kì í sì í fi ọ̀kan pa ìkejì rẹ́. Àwọn ọmọ mi ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. N kò jẹ́ pa ọ̀kankan rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Orin rọ́ọ̀kì yẹn náà wà síbẹ̀, ó pé pérépéré, kò sí ọ̀rẹ́ kankan tó já lù ú láàárín. Mo ní kí ọmọbìnrin náà bá mi pa á.