Fábíyì Tó Sáré fún Faransé, àti Ilẹ̀ Rẹ̀ ní Massè

Ọ̀rẹ́ mi ni Fábíyì. Massè, ní apá ilẹ̀ Yorùbá tí Faransé ṣàkóso rí, ni wọ́n bí wa sí. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Ó ga, ó lágbára, ó sì mọ eré sá. Bó bá ru garawa epo láti Massè lọ sí ọjà Adja-Ouèrè, àwa tí a ò ru nǹkan kì í lè bá a.

Ọdún kejì òmìnira, òyìnbó kan tó ń ra epo rí i, ó sì mú un lọ sí Faransé. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rúgbì. Ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tó bá lè gbé ọ ṣubú, kó gbé ọ ṣubú. Etí pápá ni wọ́n fi Fábíyì sí. Ẹni tí kò bá yà fún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, ó wọ aṣọ Faransé, ó bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbá a. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Nínú rẹ̀, òyìnbó mẹ́ta dì mọ́ ọn, ó ṣì ń lọ.

Kó tó lọ, ó pe èmi àti Àlàgbé, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, sórí ilẹ̀ tí bàbá wọn pín fún un.

"Àlàgbé, máa dáko níbí títí màá fi dé. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Má gbin ọ̀pẹ o."

Lọ́dọ̀ wa, bí o bá gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, tó sì gbà fún ọ, ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àlàgbé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí mi dàrú ni?"

Ọdún mẹ́wàá ni Fábíyì lò. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó dé ní ọdún kan kí ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúsíọ̀n tó dé. Èmi ni mo bá a lọ sóko. Ọ̀pẹ ti bo ibẹ̀. Àlàgbé wà lábẹ́ wọn, ó ń ṣa ẹyìn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ mà ti di òyìnbó o!"

"Ta ló gbin ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà."

Níwájú àwọn àgbà, mo sọ ohun tí etí mi gbọ́. Àlàgbé kò bá mi jiyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí.

"Epo tí mo fi rán Àbúdùlàhí, ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ sójà ní Faransé, sí yín, ṣé ẹ gbà á?"

"Mo gbà á. Ìgò méjì."

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo rò pé o rántí mi ni."

"Epo àkọ́so ọ̀pẹ yẹn ni."

Onílẹ̀ tó bá jẹ epo àkọ́so ti gba ọ̀pẹ. Gbogbo Massè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ògúnjọbí, àgbà ibẹ̀, bi í pé, "O ò sọ ibi tí epo ti wá fún un?"

"Wọn ò bèèrè, bàbá."

Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Àlàgbé. Fábíyì mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

"Àwọn tó ń lé mi ní pápá wọ aṣọ tiwọn," ló sọ. "Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń bọ̀."

Mo bá a yá ilẹ̀ lọ́wọ́ Sàlámì, onílẹ̀ kan ní Ikpinlè. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ro ó. Lẹ́ẹ̀kan, Àlàgbé ní kí ìyàwó rẹ̀, Fúnkẹ́, gbé iṣu lọ fún un. Fábíyì kò fọwọ́ kàn án.

"Ilẹ̀ wo lẹ ti wa á?"

Fúnkẹ́ tún aṣọ rẹ̀ ró. Fábíyì ní kó gbé iṣu náà padà.