Aṣọ Funfun Lórí Àpáta Kvernøya

Tí ẹ bá fẹ́ mọ inú Gunnvor, ẹ má wo ojú rẹ̀, torí ojú yẹn kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí inú bá ti ń bí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo wọ ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi wa pé kí n po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, mo bá a tó ń ha ìkòkò ọbẹ̀ ẹja kan tó ti ń dán gbinrin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ta ló tún ṣẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Oddny, po ìyẹ̀fun rẹ."

Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti jọ wà nínú ọkọ̀ yìí. Etíkun Norway ló ń gbà lọ sókè àríwá, láti èbúté dé èbúté. Láyé àtijọ́, ẹja àti ẹrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó wá wo òkè àti omi ló kún un, tí wọ́n ń ya fọ́tò gbogbo ẹyẹ tó bá fò kọjá. Gunnvor bẹ̀rẹ̀ nídìí abọ́ fífọ̀, ó sì ṣe é títí tó fi di olórí alásè. Kvernøya ni wọ́n bí i sí, erékùṣù kékeré kan tí ọkọ̀ wa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú omi tóóró, ṣùgbọ́n tí kì í dúró níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti máa ń jáde sórí àpáta iwájú ilé wọn, á na aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sókè, á máa jù ú bí ẹni ń juwọ́, ọ̀gá ọkọ̀ á sì fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a ṣe ń kíra wa létíkun wa nìyẹn. Ará ilẹ̀ á ju aṣọ, ọkọ̀ á dá a lóhùn.

Nígbà tí ìyá kú, bàbá rẹ̀, Torleif, gba aṣọ náà. Ojú Bàbá fọ́ nígbà tó yá, kò tìtorí ìyẹn dúró sílé. Fèrè ló fi ń mọ̀ pé a ti dé, torí ọkọ̀ wa kì í dé lásìkò kan náà bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sì í pariwo. Bó bá ti gbọ́ fèrè, á dìde, á kọjú sí wa, á ju aṣọ.

Wọ́n wá gbé ọ̀gá tuntun fún wa, Brekke, ọmọ apá gúúsù, ọkùnrin tí kọ́là rẹ̀ kì í rún. Ìyá arúgbó kan láti Jámánì da kọfí sára nígbà tí fèrè dún, Brekke sì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ náà la ti ń yọ́ kọjá ní Kvernøya bí ẹni tó jẹ gbèsè. Bàbá á jókòó sórí àpáta, aṣọ á wà lórí orúnkún rẹ̀, á máa tẹ́tí. Nígbà tí a bá ti kọjá tán, á wá rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsinsìnyí là ń kọjá, á dìde, á máa ju aṣọ sí omi òfìfo. Mo rí i lọ́jọ́ kan, mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Gunnvor ò sunkún. Ó wọlé lọ ha ìkòkò.

Ẹ lè sọ pé kó pè é lórí fóònù nígbà tí a bá ń kọjá. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa mú fóònù dání. Bàbá ní òun kì í ṣe dókítà tí wọ́n ń fi fóònù wá kiri, ọkọ̀ tó bá mọ òun á kí òun fúnra rẹ̀.

"Ó pè mí láàárọ̀ yìí," Gunnvor sọ nígbà tó ṣe, kò gbójú sókè. "Ó ní òun ń jáde lónìí. Bí ọkọ̀ ò bá tún kí òun, òun á ká aṣọ sínú àpótí, òun ò jáde mọ́."

Ọwọ́ mi dúró nínú ìyẹ̀fun. Arúgbó etíkun wa tó bá ti lóun ò jáde mọ́, a mọ ohun tó ń sọ. Á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri, ìgbà òtútù ò sì ní tán kí wọ́n tó gbé e jáde.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n á kí i." Ó nu ọwọ́, ó gòkè lọ bá Brekke. Mo gbé kọfí tẹ̀ lé e kí n lè gbọ́.

Ojú ọjọ́ mọ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Yìnyín funfun wà lórí àwọn òkè, omi ń já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn ilé pupa tò sétí omi. Àwọn àlejò ń pariwo "áà, áà" lórí ọkọ̀.

"Ọ̀gá, a máa tó dé Kvernøya," Gunnvor wí. "Bàbá mi á ju aṣọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fun fèrè."

"Mo ti sọ ọ́. Ewu ni fèrè wà fún, kì í ṣe fún ìkíni."

"Àwọn ọ̀gá tó ti lọ ń fun ún."

"Wọ́n ti lọ. Èmi ni mo wà ńbí."

"Ṣé kí n wá ewu kan fún yín ni?"

"Màdámù, ẹ lọ wo ọbẹ̀ yín."

Nígbà tí a jáde, mo fà á lápá. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un pé Bàbá ò ríran? Àánú á ṣe é!"

"Mi ò ní fi ojú bàbá mi ṣagbe." Ó ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. "Oddny, àwọn ìkòkò ńlá wa dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́!"

"Ìkòkò ni mo bi ọ́."

Bí a ṣe wọ omi tóóró, gbogbo ará ilé ìdáná ti tò sétí ọkọ̀, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù wa, pẹ̀lú ìkòkò, páànù àti ìgbakọ irin. Àwọn àlejò rò pé ara ìgbádùn tí wọ́n sanwó fún ni, wọ́n gbé kámẹ́rà. Ìyá Jámánì tó da kọfí sára níjọ́sí, tó tún ti padà wá bá wa rìn, rọra sún mọ́ mi, ó bi mí pé kí la fẹ́ ṣe. Mo nawọ́ sí àpáta, mo ṣàlàyé. Ó wo ọ̀hún, ó wò mí, ó ní, "Fún mi ní ọmọrí ìkòkò kan."

Bàbá nìyẹn, ó jókòó, aṣọ wà lórí orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ síbi tí a ti kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa.

"Ẹ lù ú!" Gunnvor kígbe.

Ariwo yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn ẹyẹ òkun fò dìde lórí àwọn òrùlé. Bàbá yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó dìde. Mo ń lù, mo ń sọ pé, "Apá ibí ni, Bàbá, apá ibí ni." Ló bá yí ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kọjú sí wa gan-an, ó sì gbé aṣọ funfun náà sókè. Inú mi dùn débi pé mo ṣẹ́ orí ìgbakọ kúrò lára igi tí mo fi dì í mú.

Brekke ti jáde síta lókè, ó dúró, ó ń wo ọ̀hún. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pè wá.

"Ṣé ọjà lẹ sọ ọkọ̀ mi dà ni?"

"Ìkíni ni," Gunnvor fèsì. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi."

"Ọkùnrin yẹn... ó kọ́kọ́ kọ̀yìn sí wa."

"Kò ríran."

Brekke yíjú sí i. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹni tó ń ríran náà, ó yẹ ká kí i."

Brekke ní ká padà sídìí iṣẹ́ wa, ó sì yíjú sí omi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fóònù Gunnvor dún. Ohùn Bàbá le tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ yín? Ó ń dún bí ìgbà tí kọ́bọ́ọ̀dù wó!"

"Wọ́n pààrọ̀ fèrè ni, Bàbá."

Bàbá ní, "Ó dáa. Mo ti ń rò ó pé bóyá mo ti kú ni, tẹ́ ẹ ò kàn sọ fún mi."

Gunnvor gbé ìkòkò kan tó mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Nígbà tí a tún ń lọ sí àríwá, a ò tíì gbé ìkòkò kankan tí fèrè fi dún lókè orí wa, lẹ́ẹ̀mẹta, tó gùn. Gunnvor sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìpẹ́ ẹja, mo tẹ̀ lé e. A wo orí àpáta. Kò sí aṣọ funfun kankan tó ń fẹ́ lókè.

Bàbá wà níbẹ̀ ṣá. Ó ti kọjú sí wa. Ó ti so aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ọrùn, ó di ìkòkò mú lọ́wọ́ kan, ó di ṣíbí igi mú lọ́wọ́ kejì, ó sì ń lù ú kíkankíkan, kí ọkọ̀ wa lè gbọ́ pé òun náà ti kọ́ ìkíni tuntun wa.

Gunnvor ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó sáré wọlé lọ gbé ìkòkò.