Òfin Wà Nínú Ọ̀rá, Májẹ́kókán Wà Nínú Eruku

Májẹ́kókán ti kú. Kunlékunlé tó kun ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wa, tó kun yàrá tí mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ti lọ. Dókítà ní òjé ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ààbò lórí ọ̀dà ní rárá o, ọjọ́ orí ló pa á. Ẹ ò rí i bí ọjọ́ orí ṣe lágbára tó, tó fi lè da òjé sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́, òjé wà nínú rẹ̀. Bó bá wà lára ògiri jẹ́ẹ́, wàhálà rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ tún ilé ṣe, tí wọ́n fi irin họ ọ́ ní gbígbẹ, ó di eruku. Eruku á wọ imú, á wọ aṣọ, á bá èèyàn délé. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí agbaṣẹ́ṣe fi omi rin ògiri kí wọ́n tó họ ọ́, kó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbòmú, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó forí lé ilé. Òfin tó dára ni. Mo ti kà á. Inú férémù aláwọ̀ góòlù ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ààbò náà.

Ògiri yẹn gan-an ni wọ́n ní kí Májẹ́kókán wá họ.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá di búrọ́ọ̀ṣì mú nítòsí rẹ̀: má jẹ́ kó kán. Kò sí ilé tó wọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ kí. Á gbọ́wọ́ lé ògiri, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, mo fẹ́ bọ́ aṣọ lára ẹ ni. Má bínú, òmíràn ń bọ̀." Lọ́jọ́ tó wá kun yàrá mi, ìyàwó mi rò pé àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ló bá gbé ife omi méjì wọlé. Bàbá mu méjèèjì, ó ní ògiri ní kí òun bá a dúpẹ́. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, mi ò ní fi bò.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe múra ọ́fíìsì sílẹ̀ dè é. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé mìíràn nítorí eruku. Ó dára. Wọ́n fi ọ̀rá bo àga ọ̀gá àgbà, wọ́n fi ọ̀rá bo fọ́tò ọ̀gá àgbà. Ẹja pupa kan wà nínú gíláàsì ní yàrá ìgbàlejò. Wọ́n gbé òun lọ sílé akọ̀wé, torí ẹja ò fẹ́ eruku. Wọ́n wá gbé òfin náà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n tún un wé, kí ohunkóhun má bàa ṣe òfin. Ẹ bá mi wò ó, ta ló wá kù nínú ilé náà tí wọn ò fi nǹkan kan bò?

Májẹ́kókán ní kí wọ́n fún òun lómi kí òun fi rin ògiri. Ọ̀gá àgbà ní, "Bàbá, kápẹ́ẹ̀tì tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ yìí. Omi á bà á jẹ́. Ẹ ṣáà rọra họ ọ́." Agbaṣẹ́ṣe tó gbé iṣẹ́ fún un dúró síbẹ̀, ó ń mi orí bí alángbá. "Ẹ rọra họ ọ́, bàbá," lòun náà ń wí. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ti ọ̀bẹ yìí yàtọ̀, kò tilẹ̀ gbìyànjú. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó họ ògiri. Wọ́n ní kápẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ dé.

Ìbòmú wà o, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́ wọn. Ẹyọ kan ni. Ayafọ́tò ọ́fíìsì gbé e wá lọ́jọ́ kan, ó fi bo bàbá nímú, ó ya á tòun ti irin lọ́wọ́, ó sì gba ìbòmú padà.

"Ọmọ mi, mi ò tíì họ ọ́ tán o," ni bàbá wí.

"Bàbá, ti fọ́tò nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀tí."

Fọ́tò náà ti di pátákó ńlá ní oríta báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Òṣìṣẹ́ Wa Wà Láàbò. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó bàbá ń gbà kọjá tó bá ń lọ síbi sàréè ọkọ rẹ̀. Ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, mo sì ti rín in títí ikùn fi ń dùn mí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ́fíìsì yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òun ò jẹ̀bi, ó sì fún ara rẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ. Òfin padà sórí ògiri, ẹja padà sípò rẹ̀. Májẹ́kókán padà sílé pẹ̀lú inú rírun. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n lórí àkàbà wá ń gbọ̀n lórí ṣíbí, tí ọbẹ̀ ń kán sí i láyà, ojú sì ń tì í níwájú ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, aṣojú ọ́fíìsì dìde, ó ní ká má sunkún, torí ojú bàbá á ṣì máa wà lórí pátákó.

Síbẹ̀, ẹni tó kú kọ́ ló lé mi dìde láti kọ̀wé yìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan wà, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ọ́fíìsì pa mọ́ bàbá, kó má bàa fi ẹsẹ̀ tútù tẹ kápẹ́ẹ̀tì, nítorí náà tòun ti eruku ló máa ń wálé. Ọmọ náà á sáré pàdé rẹ̀, á fara mọ́ ọn láyà. "Bàbá Funfun" ló ń pè é. Kí bàbá tó kú ni ọmọ náà ti ṣíwọ́ pípè é bẹ́ẹ̀. Kì í jẹun mọ́, inú ń run ún, ọ̀rọ̀ sì ń dín lẹ́nu rẹ̀.

Òfin inú férémù sọ pé ẹni tí eruku ọ̀dà bá kàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi àti ìyá àgbà ọmọ náà bá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀hún. Akọ̀wé wo ọmọ náà látòkè délẹ̀.

"Ṣé kunlékunlé ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni," ni ìyá àgbà wí.

"Màmá, àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ni àyẹ̀wò wà fún. Agbaṣẹ́ṣe wo ló ń bá ṣiṣẹ́?"

"Ó máa ń fi èédú kun ẹ̀yìnkùlé mi. Tí ìyẹn bá tó, ẹ gbà á síṣẹ́, kí ẹ wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Akọ̀wé ní òun á bi ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà wà ní ìpàdé lórí ààbò àwọn ọmọdé. A jókòó títí, a gbé ọmọ padà sílé.

Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má lo omi. Ẹ jáde wá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú adájọ́. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń mi orí yẹn, kó má tún rán ẹnikẹ́ni lọ họ ògiri gbígbẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́, mi ò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ a máa pẹ́, ara ọmọ yìí ò sì lè dúró dè é. Láàárọ̀ yìí, ó ṣì pe ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ìyẹn náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀.