Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Dè Lọ́wọ́

Ìbẹ̀rù ló mú mi kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ṣì wà ní Moniya tí wọ́n gbà pé ìgbéraga ni, pé tíṣà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì jẹun, kí ló ń wá lábẹ́ ọkọ̀? Wọn kò mọ̀ pé bí ọkàn mi bá balẹ̀, n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan tó ń jẹ́ sípánà láyé mi.

Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Èmi ni tíṣà àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa, ní abúlé kan láàárín Moniya sí Ìjàyè. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan gún. Bí ọmọ kíláàsì mi bá fa ìlà tó wọ́ díẹ̀, màá ní kó pa á rẹ́, kó tún un fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ tèmi nílé. Kí òjò tó ṣú tán ni mo ti ń pè wọ́n wọlé. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá rí ọ̀nà rẹ̀, màá dá àwọn ọmọ náà padà sínú òun.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù lọ ni bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tí àwọn èrò ń kojú síra wọn jókòó nínú rẹ̀, tí àwọn awakọ̀ sì ń fi bára wọn sáré lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọ̀kan dojú dé sínú oko ẹ̀gẹ́ nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n èmi ni mo fa ọmọbìnrin kékeré kan jáde láàárín àwọn àpò gàrí. Gbogbo ara ọmọ náà ń gbọ̀n, kò sì sunkún. Àìsunkún yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí a ṣe ìpàdé òbí lẹ́yìn náà, mo dìde, mo ní, "Pósí onítáyà ni bọ́lẹ̀kájà! Ọmọ tí a fẹ́ràn, a kì í gbé e sínú pósí nígbà tó ṣì ń mí." Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Àwọn awakọ̀ gbọ́, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pè mí ní Tíṣà Pósí.

Nígbà tí ọmọ mi àgbà, obìnrin, wá yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, kò sí bí mo ṣe lè jẹ́ kó fi bọ́lẹ̀kájà lọ. Mo ra ọkọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń padà sílé. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Bí a bá ṣíná sí i, á wúkọ́, á gbọ̀n, á sì kú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó dẹtí sílẹ̀, ó yí nǹkan díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ó ti dáa."

Mo ní, "Ó dáa báwo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ó dáa bí ohun tó dáa ṣe ń dáa ni."

Ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ mi ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ yìí. Mo kọ̀wé sí òkè òkun pé kí wọ́n máa fi ẹ̀kọ́ túùnù ẹ́ńjìnnì, bí a ṣe ń mú kó ṣiṣẹ́ geere, ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sì tún forúkọ sílẹ̀ ní ibì kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Olùkọ́ wa ì bá ti jókòó níwájú mi ní kíláàsì kìn-ín-ní. Ìtìjú ni mo fi ń wọlé, òun náà ni mo fi ń jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n tú púlọ́ọ̀gì, ohun kékeré tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, mo fi agbára yí i títí tí tánganran ara rẹ̀ fi kán sí mi lọ́wọ́. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá Tíṣà ti fọ́ síléètì o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ yíjú sí ògiri. Èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè mi kò gbà.

Nílé, abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń dá kọ́ ọ. Màá ṣí ìwé sórí àga, màá gbé òkúta lé e kí atẹ́gùn má baà ṣí i, màá sì tú ohun tí ìwé bá ní kí n tú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi bá kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, nínú abọ́ tó fi ń fọ ẹran. Mo ti rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì.

"Bàbá wọn, ṣé èyí la ó jẹ lónìí?"

"Ìdọ̀tí ni mo ń fọ̀ kúrò lára rẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi bi ìwé yín léèrè bóyá ó mọ bí a ṣe ń fọ kẹrosíìnì kúrò lára abọ́."

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n níkẹyìn. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, bí a ṣe ń yí ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì kí iná lè tà lásìkò tó yẹ, bí epo kò ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, omi náà kò dà. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀, ó ń wo omi náà bí ẹni ń wo ojú dígí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe é?" Mo ní, "Èmi ni." Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ayọ̀ náà kò pẹ́ tó fi di ìbẹ̀rù. Ẹ́ńjìnnì tó dára máa ń sáré. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà jáde sí ọ̀nà Ìjàyè, ó fò lọ bí ẹyẹ, mo sì tún rí oko ẹ̀gẹ́ ọjọ́sí lọ́kàn mi. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú kabúrétọ̀, òun ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí nígbà tó bá ń tẹná. Bó bá ṣe ṣí tó ni ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Mo wá gé irin kan, mo rẹ́ ẹ títí tó fi bá ìwọ̀n tí mo fẹ́ mu, mo sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kó má baà lè ṣí ju ìdajì lọ. Ìwé kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rò ó fúnra mi, n kò sì sọ fún ẹnì kan. Mo ṣírò bí ènìyàn mẹ́rin àti àpótí ọmọ yóò ṣe wúwo tó, mo rí i pé ọkọ̀ á gbé e. Èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo dán an wò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn.

Ohun tí n kò ṣírò ni àwọn ará ilé wa. Ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo agbo ilé ló ń sìn ín, a kì í sì í sin ọmọ lọ́wọ́ òfo. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ẹnì kan gbé iṣu wá. Òmíràn gbé gàrí wá nínú àpò odindi. Wọ́n gbé ẹ̀pà wá, wọ́n gbé epo pupa wá nínú garawa, àbúrò bàbá mi sì gbé ọlọ kékeré wá, pẹ̀lú ọmọ ọlọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n máa fún un lóúnjẹ níbẹ̀."

Ìyá mi kọjú sí mi. Wọ́n ti wọ bùbá wọn, àwọn náà ń bá wa lọ. "Ẹni tó bá kọ ẹ̀bùn ọmọ, àdúrà ló kọ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí lọ láìgba àdúrà ni?"

N kò lè sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. A fi okùn so ẹ̀yìn ọkọ̀ nítorí kò ṣeé pa dé mọ́.

Wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ wọlé kí agogo ọ̀sán tó lù, nítorí àwọn mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de àyè. Ọmọ tó bá pẹ́, wọ́n lè gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. A tètè kúrò nílé, a sì ń lọ dáadáa títí a fi dé òkè tó wà ṣáájú ìgboro. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo yí i sí jíà kìn-ín-ní, mo tẹná dé ilẹ̀. Ó kérora, ó rọra ń fà, ó sì dúró sí àárín òkè. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo gbé òkúta sí ẹ̀yìn táyà.

Ìyá mi yọjú. "Ọkọ̀ ni o rà, àbí ìgbín?"

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti mọ ohun tó ṣe é kí ó tó dúró rárá. Mo fi sípánà sí orí nọ́ọ̀tì náà. Bí mo bá yí i díẹ̀ péré, irin náà á já bọ́, ọkọ̀ á ní agbára rẹ̀ lódindi. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọmọ mi tó ti sọ̀ kalẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, mo rí ẹrù tó tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo rántí bí òkè náà ṣe dà lọ ní òdì kejì. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo yọ púlọ́ọ̀gì tí kò ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo dá a padà. Mo tún yọ òmíràn.

"Bàbá, ṣé a máa débẹ̀?" ni ọmọ mi ń bi mí.

"A máa débẹ̀."

Oòrùn ń gòkè. Ibẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà kan ti gun òkè náà bọ̀, tó kún fún àwọn tó ń lọ ta ẹrù oko. Ó dẹwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Awakọ̀ náà yọ orí jáde.

"Tíṣà Pósí! Ẹ kú ìdúró o! Ṣé kò sí?"

Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀. Obìnrin kan ní, "Pósí tiwa ṣì ń rìn o, Tíṣà. Tiyín ló jọ pé ó ti sùn."

Ojú mi wálẹ̀. Kí n tó rí èsì, ìyá mi ti gbá àpótí mú ní etí kan. "Ọmọ dáadáa, ẹ bá mi gbé e. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé."

Mo ní, "Rárá, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Kí n jẹ́ kí o ṣe kí ni?"

Gbogbo wọn ń retí mi. Òótọ́ náà wà lẹ́nu mi, kò sì jáde. Awakọ̀ náà rí ojú mi, ó fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Màá rọra wà á." Wọ́n kó àpótí, wọ́n kó gàrí, iṣu àti garawa epo. Ìyá mi gòkè. Ọmọ mi wò mí, ó wo ẹ́ńjìnnì tó ṣí sílẹ̀ níwájú mi, ó sì gòkè tẹ̀ lé wọn. Kò juwọ́ sí mi. Mo rò pé kò fẹ́ kí àwọn èrò mọ̀ pé èmi ni bàbá òun, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ti mọ̀.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi padà wọ ọkọ̀, tí ẹrù ti kúrò, ó gun òkè náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyàwó mi tẹjú mọ́ mi.

"Kí lẹ tún ṣe sí i?"

"N kò ṣe nǹkan kan." Mo wá sọ fún un nípa irin náà.

Kò pariwo. Ó ṣáà ní, "Ẹ dè é lọ́wọ́, ẹ wá ní kó gbẹ́rù," ó sì yíjú sí ojú fèrèsé títí a fi dé.

Agogo ti lù. Ìyá mi jókòó lórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọmọ ti wọlé, ilé ẹ̀kọ́ kò sì gba òbí láàyè mọ́. Òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà wà nídìí géètì pẹ̀lú àwọn bàbá mìíràn tí wọ́n wọ kóòtù. Mo súnmọ́ wọn láti dárúkọ ara mi. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nawọ́ sí abẹ́ igi kan, pé ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń dúró sí. Mo lọ dúró síbẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti yọ irin náà. Mo tún gbogbo ẹ́ńjìnnì náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, mo kó iṣu àti òkúta sínú ọkọ̀ náà, mo sì ń gun òkè yẹn ní àgùntúngùn. Àyà mi ń já ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí rẹ̀. Mo ṣáà ń gùn ún.

Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, èmi nìkan ni mo lọ mú un. Ó dúró ti àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ga díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ojú rẹ̀ wà lára, kò sì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá," ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́, "ta ló bá yín tún un ṣe?"

Èmi tí mo ń na ọmọ nítorí irọ́ ni mo dá a lóhùn pé, "Mẹkáníìkì kan ni."

"Mẹkáníìkì gidi?"

"Gidi."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì wọ iwájú ọkọ̀. Nígbà tí a gun òkè náà, tí ẹ́ńjìnnì kò wúkọ́ rárá, ó ní ẹni náà mọ iṣẹ́. Mo ní ó ń gbìyànjú.