Bí A Ṣe Bá Bertolini Kẹ́dùn

Ẹ ò ní gba èyí gbọ́, mo ti mọ̀. Àwọn ọmọ mi náà kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá pa ìtàn tì nítorí pé ọmọdé ń fi í rẹ́rìn-ín, ó yẹ kó lọ sùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Peckham níbí nílùú òyìnbó, yàrá méjì là ń gbé lókè ilé ọkùnrin ará Ítálì kan. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀. Ó ti dàgbà, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Bertolini sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi kọ orúkọ náà sára ilẹ̀kùn, ó sì máa ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Omi ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Camberwell, kò sì sí òtútù tó lè dí àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìdájí. Omi ń kán, ó ń kán, títí àjà onílé fi já sórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gòkè wá bá wa pẹ̀lú eruku funfun lórí irun. Ó ní kí a kó jáde kó tó di Sátidé. Bàbá mi ní òun yóò tún àjà ṣe. Onílé ní òun ò béèrè àjà, àlàáfíà lòun ń wá.

Gbogbo ibi tí bàbá mi wá yàrá dé, láti New Cross títí dé Walworth, ẹni tó fẹ́ bàbá kò fẹ́ ọmọ. Ọjọ́bọ̀ dé, a ò tíì ríbi kankan. Ìyá mi ti to àwọn àpótí wa sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn nísàlẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ pé bóyá kí wọ́n pín èmi àti àwọn àbúrò mi fún àwọn èèyàn wa ní mọ́sálásí, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, títí Ọlọ́run yóò fi ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni rédíò kéde pé Bertolini kan, olórin ńlá tí gbogbo Ítálì mọ̀, ti dolóògbé. Bàbá mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Èèyàn onílé kú."

Ìyá mi ní, "Onílé tó ń lé wa?"

"Ṣé onílé méjì la ní ni? Lọ wé gèlè."

Ẹ má rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló ń dá o. Nílùú tiwa, ẹni tí ẹ bá jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, bí kò bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, àbúrò yín ni. Bó bá kú, àwọn èèyàn á wá bá yín jókòó. Bàbá mi kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé agbádá wọ̀, ìyá mi gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín, gbogbo wa sì tò tẹ̀lé wọn sọ̀kalẹ̀.

Onílé ṣílẹ̀kùn. Bàbá mi tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó sì wá fi Gẹ̀ẹ́sì tú u fún un. "A gbọ́ nípa èèyàn yín, sà. Ọjọ́ á jìnnà síra wọn."

"Èèyàn mi wo?"

"Olórin yẹn."

"Mi ò mọ olórin kankan!"

Bàbá mi yíjú sí ìyá mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìbànújẹ́ ti da orí ẹ̀ rú. Wọlé, wọlé." A wọlé.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni onílé wí, "ẹ fetí sílẹ̀. Orúkọ yìí pọ̀ nílẹ̀ wa bí iyanrìn. Ọ̀kan ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje, ó gba ife-ẹ̀yẹ. Ọ̀kan jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wa, ọ̀kan ya àwòrán sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn!"

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹbí ńlá lẹ ti wá! Ẹ wo ẹni tí à ń da omi lé lórí láti ọjọ́ yìí!"

Bàbá mi ní, "Ẹ jókòó, sà. Ọlọ́fọ̀ kì í dá nìkan dúró."

Ó jókòó. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, mi ò lè sọ. Bàbá mi gba àdúrà gígùn fún bíṣọ́ọ̀bù, fún agbábọ́ọ̀lù, fún ẹni tó ń sáré kẹ̀kẹ́, fún ayàwòrán, kó tó wá kan olórin tó lọ. Onílé ń wo ihò àjà rẹ̀. Nígbà tí àdúrà parí, ó ní:

"Nígbà tí ìyàwó mi kú, ẹnì kan ṣoṣo ló kan ilẹ̀kùn yìí. Mítà gáàsì ló wá kà."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni bàbá mi tún wí. Ti ìyàwó nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onílé jẹ mọ́ínmọ́ín kan, ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì tún mú òmíràn.

Bí a ṣe ń jáde, ìyá mi bẹ̀rẹ̀: "Sà, ní ti Sátidé yẹn..."

Bàbá mi ranjú mọ́ ọn. "Ìbánikẹ́dùn la bá wá."

A gòkè. Ìyá mi ká bùláńkẹ́ẹ̀tì tó kù, kò sì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi tẹ orúkọ náà sórí fóònù. Gbogbo àwọn Bertolini tó lókìkí jáde, agbábọ́ọ̀lù sábẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àlùfáà sábẹ́ àlùfáà. "Daddy, ẹ wò ó, they're not even related!" Òótọ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi mọ ohun tí bàbá mi kò mọ̀ títí ó fi kú. Àmọ́ nínú fúláàtì tí mò ń gbé báyìí, mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń rìn lókè orí mi, òun náà kò mọ tèmi. Bí rédíò bá kéde ikú rẹ̀ lálẹ́ yìí, oúnjẹ mi ni mo máa máa jẹ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìbánikẹ́dùn wa, mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, mo bá onílé lẹ́bàá àwọn àpótí. Ó ti di etí ọ̀kan mú.

"Di etí kejì mú," ló wí. "Sókè."

A gbé e gòkè, a padà wá gbé ìkejì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá mi ṣílẹ̀kùn, ó rí wa, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú.

Mo pẹ́ dé kíláàsì. Tíṣà béèrè ohun tó dá mi dúró. Mo ní ẹnì kan kú, ìyẹn ni a ò fi kó kúrò nílé mọ́.

"Pẹ̀lẹ́ o," ló wí. "Ta ló kú?"

Mo ní, "Èèyàn onílé wa. Àmọ́ kì í ṣe èèyàn rẹ̀."

Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ jókòó.