Igi Méjì Tí Láyíwọlá Fi Ra Ṣọ́ọ̀kì

Bí mo bá rántí ohun tí wọ́n ṣe fún Láyíwọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bíi pé àná ni. Ọdún 1991 ni. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń bá jíìpù ilé ìwòsàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ láti Ìlọrin sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Malete, Láyíwọlá sì ni dírẹ́bà. Ará Ọ̀mù-Àrán ni. Ó ti wa mọ́tò ìjọba fún ọdún mọ́kànlá kó tó wá sọ́dọ̀ wa, kò sì kọ lu ewúrẹ́ rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà nínú jíìpù rẹ̀. Tí a bá gbé aboyún, á ti kígbe sẹ́yìn kí a tó dé kòtò: "Ìyá ọmọ, ẹ di irin yẹn mú o, a ti dé ibẹ̀."

Òkúta ọ̀nà yẹn máa ń ha jíìpù nísàlẹ̀, ni ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí wọ́n gbé e ga díẹ̀. Wẹ́dà kan fi irin kún sípírìǹgì rẹ̀, jíìpù sì fi ìwọ̀n ìka mẹ́ta ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú gbogbo wa dùn. Ti alága ìgbìmọ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn Bàbá Adépọ̀jù, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀ láyé yìí.

Kò pé oṣù méjì tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì fi bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀pá olóìlì tó ń kó sípírìǹgì níjàánu, tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa fò lórí gegele. Láyíwọlá ra tuntun, tuntun já. Ó tún ra òmíràn, ìyẹn náà já, ó sì ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ra ẹ̀yà mọ́tò ní Ìlọrin. Wàá tú èyí tó bàjẹ́, wàá gbé e lọ sọ́dọ̀ onípáàtì, òun á gbé tuntun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni Láyíwọlá ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ Abdulmumini, tó ń ta páàtì nítòsí Ọ̀fà Garage.

Ni Bàbá Adépọ̀jù bá pè é síwájú ìgbìmọ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì mẹ́fà lọ́dún kan! Ṣé o ń jẹ ẹ́ ni?" Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Mi ò pè ọ́ lólè o. Mo kàn ń béèrè ibi tí àwọn tuntun ń wọlé sí, tó fi jẹ́ pé jákujàku ló máa ń wà lábẹ́ mọ́tò."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Mo ní àwọn tó já wà nínú sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹnì kan lọ wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó dìde. "Bọ́sẹ̀dé," ni Bàbá wí, "abẹ́rẹ́ ni tìrẹ." Wọ́n ní bí ṣọ́ọ̀kì bá tún já, kí Láyíwọlá kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àwọn yóò sì kéde rẹ̀ fún ìjọ pé ó hùwà àìṣòótọ́. Ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ nínú ìjọ yẹn kan náà! Ó ní, "Bàbá, mi ò jí nǹkan yín." Wọ́n ní kó jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni táyà ẹ̀yìn jò lọ́nà Malete. Ẹrẹ̀ ti bo ìdí táyà, nítorí náà ara mọ́tò gan-an ni Láyíwọlá fi jáàkì gbé, táyà sì so rọ̀ nísàlẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, kò tètè jáde.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo nǹkan."

Mo ká aṣọ mi sókè, mo wọ abẹ́ mọ́tò. Ó ní kí n fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ó le gan-an, ó ti nà tán, táyà sì so rọ̀ mọ́ ọn. Láyíwọlá tú bóòtù ìsàlẹ̀ rẹ̀, táyà sì já wálẹ̀ gbì, ó fi ìka mẹ́rin lọ sísàlẹ̀ sí i.

"Sípírìǹgì ṣì fẹ́ nà wálẹ̀ nítorí irin tí wẹ́dà fi kún un, ṣọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kó nà. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí ló ń fà á ya." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé èyí tó kúrú dání lọ ra èyí tó kúrú."

Níbẹ̀ ló ti gé igi kan tó gùn bí àyè ṣọ́ọ̀kì nígbà tí táyà bá so rọ̀. Nígbà tí a délé, ó ní kí a kó àpò iyanrìn sínú jíìpù títí sípírìǹgì fi tẹ̀ dé òpin, ó wá gé igi kejì, èyí tó kúrú. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ṣọ́ọ̀kì bá gùn jù, ẹrù yóò tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Nígbà tí Abdulmumini rí wa, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, igi lẹ gbé wá? Wàláì, mi ò ta igi o!" Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ àlàyé, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Bísímílà. Ẹ jẹ́ ká wò ó." Wọ́n ń fa ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, títí wọ́n fi rí méjì tí wọ́n ṣe fún pikọ́ọ̀pù, tó nà kọjá igi gígùn, tó sì wọlé ju igi kúkúrú lọ. Ó gba àwọn tó wà lábẹ́ jíìpù fi ṣe pàṣípààrọ̀. "Orúkọ mọ́tò nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún mi," ló wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé báwo ló ṣe ń nà tó."

Òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, ṣọ́ọ̀kì kò já. Láyíwọlá mú Bàbá Adépọ̀jù lọ sínú sítọ́ọ̀, ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú rẹ̀, ó fi igi hàn án, ó tún fi jáàkì gbé jíìpù kó lè rí i fúnra rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní òun ti fura bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti fura tẹ́lẹ̀! Mo rò pé ó kéré tán, yóò tọrọ àforíjì.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde pẹ̀lú agbádá rẹ̀. "Ní ti arákùnrin wa Láyíwọlá, tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì dá wàhálà sílẹ̀ lórí rẹ̀, ìgbìmọ̀ ti dárí jì í."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Láyíwọlá dìde ní ìjókòó rẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

Ó tún béèrè, kò pariwo: "Kí lẹ dárí rẹ̀ jì mí?"

Bàbá Adépọ̀jù ṣí ìwé orin, ó ní kí gbogbo ìjọ dìde. A sì dìde, a kọrin. Láyíwọlá nìkan ni kò lanu. Èmi tí mo bá a wọ abẹ́ mọ́tò, tí mo fi ọwọ́ ara mi kan ṣọ́ọ̀kì yẹn, mo kọ orin náà títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn.